Ìdúpẹ́ Orí Ìsédò

Ẹ sún mọ́ mi, àlọ́ dé! Ó fò fẹ̀ẹ̀rẹ̀, ó bà lé Akàn lórí.

Ní adágún kékeré kan táwọn ẹranko ti ń lúwẹ̀ẹ́ ṣeré, ìsédò alámọ̀ àtijọ́ ló dá omi dúró. Lọ́jọ́ kan, Akàn rí ihò lára ìsédò náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú omi, ló bá ki ọwọ́ bọ ihò, ó figbe ta:

"Ìsédò ń jò o!"
*A ó mú amọ̀ wá!*
"Kí kálukú bu ẹ̀kúnwọ́ kan!"
*A ó mú amọ̀ wá!*

Gbogbo ẹranko péjọ, wọ́n ń gbè é tohùn tohùn. Kò sẹ́ni tó bu amọ̀.

"Ẹ̀yin ará, ọwọ́ ń ro mí o!"

"Tún un lé, jàre!" ni Erinmi, àgbà akọrin, wí. "Orin yìí wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ ká fi jó ìdúpẹ́ lórí ìsédò, pé Ọlọ́run ò jẹ́ kó wó."

"Bàbá, Nóà náà gbàdúrà, ṣùgbọ́n ó kan ọkọ̀!"

Erinmi ti gòkè. Ó gbẹ́sẹ̀ ijó kan ṣoṣo, gbìì! Ìsédò ya, omi bá tirẹ̀ lọ. Akàn kó àwọn ọmọ sẹ́yìn, ó forí lé odò.

Erinmi rì sínú ẹrọ̀fọ̀ dé ọrùn. "Akàn, ìgbàgbọ́ rẹ ló kéré!"

"Amọ̀ tí ẹ ṣèlérí ti dé, Bàbá. Omi ló kù."

Kíá ni Ọ̀pọ̀lọ́ lé e: "Adágún gbẹ o!"
*A ó mú omi wá!*

Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí, wọ́n ṣì ń gbè é.