Rọ́bà Tí Wọ́n Gé Lẹ́yìn Aago

Ẹnìkan fi ọ̀bẹ gé rọ́bà inú ọkọ̀ òfurufú tí Wessel Brandsma fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n yẹ ọkọ̀ náà wò. Ìwà ìkà ni. Gbogbo ẹni tó wà ní pápá ọkọ̀ náà ló gbà bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló sì gbà pé Nels Haugan ló hù ú.

Nels mọ ìdí tí wọ́n fi fura sí òun. Ilé ọkọ̀ tirẹ̀ àti ti Wessel fara kanra, àwọn méjèèjì kì í sì í pàdé láìbú ara wọn.

"Wes, o tún ti ra aago mìíràn? Ọkọ̀ rèé àbí ṣọ́ọ̀bù aláago?"

"Gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún, arúgbó."

Òfin ló ní kí aago wọ̀nyẹn wà. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ọkọ̀ tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé lè fò bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n nínú ìkùukùu, awakọ̀ kì í rí ilẹ̀, kì í rí ọ̀run. Aago nìkan ló ń sọ fún un bí òun ṣe ga tó, àti bóyá ọkọ̀ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Rọ́bà tín-ín-rín kan ló ń gbé atẹ́gùn ìta wá sẹ́yìn aago tó ń wọn bí ọkọ̀ ṣe ga tó. Bí rọ́bà náà bá ń jò, aago yóò purọ́, ọkọ̀ yóò sì forí sọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò fi pọn dandan.

Leota, ìyàwó Wessel, ní àìsàn ẹ̀jẹ̀. Dókítà tó mọ àìsàn náà wà ní òdìkejì adágún Michigan. Bí ewé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ìkùukùu kì í kúrò lórí omi yẹn títí yìnyín yóò fi yọ́. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ ilẹ̀ yí adágún po yóò lo odindi ọjọ́ kan lójú ọ̀nà, Leota kò sì lè jókòó pẹ́ mọ́. Ọkọ̀ òfurufú yìí ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Wessel ti gba ìwé ẹ̀rí láti fò nínú ìkùukùu. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé e wọ inú rẹ̀, bó ṣe sọ̀kalẹ̀ ló lọ dúró sẹ́yìn ilé ọkọ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nels rí i.

"Ṣé ìkùukùu dùn?" ó bi í.

Wessel gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé.

Àṣà àwọn akankọ̀ ibẹ̀, àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ òfurufú, ni pé ẹnikẹ́ni kì í pa pátákó aago rẹ̀ dé láìjẹ́ pé akankọ̀ mìíràn ti wò ó, ì báà jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò, Wessel lọ pe Nels. Nels fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ pátákó náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó fọwọ́ tọ gbogbo rọ́bà náà látòkè délẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ ẹ mọ́ tó báyìí."

Wessel kò dúpẹ́. Ó kàn bi í bóyá ó dá a lójú.

Ní òwúrọ̀, Odette Kroll tó ń yẹ aago ọkọ̀ wò so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ náà. Abẹ́rẹ́ aago ṣubú. Ó tanná sẹ́yìn pátákó.

"Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e," ó wí.

"Nels ló wọ ibẹ̀ kẹ́yìn." Ilẹ̀ ni Wessel ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

"Èmi? Orí ẹ dàrú! Irú rọ́bà yìí wà nílé ọkọ̀ mi. Ká pààrọ̀ ẹ̀ báyìí, kí Kroll tún un dán wò kó tó lọ."

"O ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ mi mọ́ láé!"

Kroll di ẹrù rẹ̀. Ó ní ó di ìgbà tí yìnyín bá yọ́ kí òun tó tún gba ibẹ̀ kọjá.

Leota fúnra rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà Nels, ó fara ti ògiri.

"Nígbà tí ìyàwó ẹ kú, ta ló ń gbé oúnjẹ wá fún ẹ? Kí ni mo fi ṣe ẹ́, Nels?"

"Leota, kì í ṣe èmi."

"Bí mo bá kú sójú ọ̀nà, má débi ìsìnkú mi."

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Àwọn akankọ̀ kò wá ẹlẹ́rìí mìíràn. Wọ́n ju kọ́ọ̀pù kọfí Nels sí ààtàn. Ẹnìkan so ọ̀bẹ ìjẹun mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Nels kò tú u. Ó ní kí ẹni tó so ó wá tú u.

Ní Sátidé, lẹ́yìn tí àwọn akankọ̀ jọ jẹ pankéèkì òwúrọ̀ tán, alága wọn, Dale Vroom, dìde.

"Ohun méjì ló wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí Nels kó ọkọ̀ rẹ̀ kúrò láàárín wa, kó nawọ́."

Ọwọ́ Leota ló kọ́kọ́ lọ sókè, ó tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ọwọ́ Wessel wà lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ ṣé," Nels wí. Ó ń wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ jẹ́ n mọ̀ yín dáadáa."

"Èkejì ló dùn," Vroom ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "A bẹ Kroll, ó ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Rọ́bà tuntun rèé, gbogbo wa la máa bá Wes ṣe é. Wọ́n ní ìkùukùu ṣì máa bo adágún lọ́la. Kó bò ó! Leota ṣì máa dé ọ̀dọ̀ dókítà rẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Leota bú sẹ́kún ayọ̀, ó sì di apá ọkọ rẹ̀ mú.

Wessel rọra yọ apá rẹ̀, ó dìde, ó kọjú sí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ó ní: "Nels, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ lójú gbogbo èèyàn yìí, èmi ni mo gé rọ́bà yẹn, torí ẹ̀rù ìkùukùu ń bà mí, mi ò sì rí ẹnu sọ fún Leota pé mi ò lè gbé e kọjá."