Ìyá Tó Kọ́ Alántakùn ní Léèsì

"Kí àkùkọ tó kọ láàárọ̀ yìí, mo ti hun léèsì tó yí gbogbo ilẹ̀ Skåne wa ní Sweden níbí po lẹ́ẹ̀mejì! Alántakùn gan-an, ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ṣẹ́."

Ìyá arúgbó náà tún bu kọfí fún Gunvor, òṣìṣẹ́ ilé tí wọ́n ń kó nǹkan àtijọ́ sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Elna àbúrò ìyá náà, ẹlòmíì ò tíì jókòó sórí àga kejì tí Gunvor wà yìí. Ìdí nìyẹn tí ìyá fi kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ Gunvor pé òun nìkan ló kù tó ń hun léèsì láìwo àwòrán.

"Ó yá, Màmá, ẹ hun díẹ̀ kí n rí i."

"Mu kọfí ẹ ná."

"Ife kẹrin rèé, Màmá!"

"Ọwọ́ ń dùn mí. Padà wá lọ́la. Ọ̀tunla náà dáa."

Gunvor ṣí aṣọ tó bo ìrọ̀rí tí wọ́n ń hun léèsì lórí rẹ̀. Òwú ṣì wà lára àwọn igi kéékèèké tí wọ́n fi ń hun ún, àmọ́ ilé alántakùn ti so gbogbo wọn pọ̀.

"Màmá, ọmọ iṣẹ́ yín ti gba òmìnira o."

"Elna ló mọ̀ ọ́n hun!" Ìyá fò jáde láti ẹnu ọ̀nà ìdáná, bàtà ẹsẹ̀ kan, ìkòkò kọfí lọ́wọ́. Láti àárín àwọn igi ápù ẹ̀yìnkùlé lóhùn rẹ̀ ti dún: "Ṣùgbọ́n má tíì lọ o!"