Ojúgun Ṣàíbù àti Ti Adìẹ

Ṣàíbù télọ̀ ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Nasarawa Gwong lọ́dún 1978, nígbà tí òjò ṣì ń pọ̀ ní Jos, ojúgun ọ̀tún rẹ̀ sì dá. Ó kọ̀, kò lọ ọsibítù. Ó ní nílé àwọn ní Ìlọrin, ẹni tó ń to eegun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Wọ́n bá pe Baba Àkàndé, tó ti ń to eegun láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa kùsà ní Zawan.

Baba kò kánjú. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ náà láti orúnkún dé kókósẹ̀, ó sì tún tẹ̀ ẹ́ padà sókè.

"Eegun méjì ló wà níbí," ó ní. "Èyí ńlá ló ń gbé ọ dúró. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ kàn ń bá a kẹ́gbẹ́ ni. Ti ńlá ló dá. Orúnkún kò ṣe nǹkan kan, gìgísẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Wàá tún tẹ maṣíìnì."

Ohun tí Ṣàíbù fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni tirẹ̀, aṣọ Iléyá àwọn oníbàárà sì ti ń ga lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ kejì, Baba mú àgbébọ̀ adìẹ kan wá, pupa rẹ́súrẹ́sú, irú èyí tó kún ọjà Farin Gada. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń to eegun á dá ojúgun adìẹ bí ti aláìsàn ṣe dá, á fi oògùn kan náà tọ́jú àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn geere, kí aláìsàn náà dìde.

Baba gbé adìẹ lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n gbọ́ "pá" lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó gbé e padà, ó ti fi aṣọ di igi wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ọ̀tún.

"Kò tilẹ̀ ké," Ṣàíbù ní.

"Ọwọ́ ló ń ṣe é," Baba dáhùn.

Kúbúrá, ìyàwó Ṣàíbù, ni wọ́n fi adìẹ náà ṣọ́. Ó ń fún un ní àgbàdo láàárọ̀ àti lálẹ́, títí ó fi mọ gbogbo ara rẹ̀. Àléébù kan ló rí: ìka ẹ̀yìn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ní èékánná.

Baba ń wá lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ó ń fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ Ṣàíbù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó tú igi kúrò lẹ́sẹ̀ ènìyàn àti ti adìẹ. Ó tẹ ojúgun Ṣàíbù.

"Ó ti so. Dìde."

Ṣàíbù wo àgbàlá. Adìẹ ń tiro.

"Baba, ẹ̀yin lẹ ní ọjọ́ tó bá rìn."

"Èmi ni mo sọ ọ́," Baba ní.

Ṣàíbù jókòó tirẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Iléyá ku ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn oníbàárà sì ti ń wá kó aṣọ wọn padà. Kúbúrá bẹ̀ ẹ́ títí, ó tún bá a jà, pàbó ló já sí. Wọ́n ní ojúgun ò lẹ́ran. Ní ti Ṣàíbù, ẹ̀yìn ojúgun náà kò fẹ́ẹ́ ní mọ́. Bí Kúbúrá bá wò ó, ẹ̀rù a máa bà á.

Lẹ́nu ọ̀nà, Baba bá Kúbúrá sọ̀rọ̀.

"Eegun ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Orúnkún ló kù. Bó bá fi jókòó báyìí kọjá oṣù yìí, orúnkún á gan, kò sì ní tẹ maṣíìnì mọ́." Ó mi orí. "Nàfísátù tó ń tà á fún mi ni mo máa bá wí. Gbogbo adìẹ tó jọra ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Farin Gada, ó wá lọ mú ọ̀lẹ fún mi."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí Ṣàíbù tó jí, Kúbúrá ti gbé adìẹ sínú agbọ̀n, ó da gèlè bò ó, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Farin Gada.

"Sannu, ìyá," Nàfísátù kí i. "Kí lẹ fẹ́?"

"Èyí tó jọ eléyìí. Àmọ́ kó mọ̀ ọ́n rìn."

Nàfísátù kò bi í léèrè nǹkan kan. Ó ki ọwọ́ bọ àgò, ó fa ìbejì rẹ̀ jáde. "To, ó dáa. Ẹ fi tọwọ́ yín sílẹ̀, ẹ fi owó díẹ̀ lé e."

Èékánná adìẹ tuntun náà pé. Nínú bọ́ọ̀sì, Kúbúrá tún da gèlè bo agbọ̀n. Ó ti tan ọkọ rẹ̀ jẹ, ó ti tan àgbàlagbà jẹ, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run títí ó fi délé.

Ṣàíbù kò wo ìka rárá. Ojúgun ló ń wò. Adìẹ gba àárín àgbàlá kọjá, ó lé aláǹgbá kan dé ìdí ògiri.

"Ìyá Sherifat, ó ń rìn."

"Mo rí i, Baba Sherifat. Ó ku tiyín."

Ó di ògiri mú. Ó ká orúnkún, òógùn bò ó. Ó fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀, lẹ́yìn náà àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, Kúbúrá ti ń sunkún ayọ̀.

Kí Iléyá tó dé, maṣíìnì ti ń dún. Baba wá wo adìẹ náà, ó ní ó ṣe dáadáa. Kúbúrá kò lè wò ó lójú.

Nígbà ọ̀yẹ́, Julius, ọkọ Grace aládùúgbò wọn, já bọ́ lórí àkàbà, ojúgun rẹ̀ sì dá. Kúbúrá di ọsàn díẹ̀, ó lọ kí wọn.

"Ṣé Baba Àkàndé lẹ pè?" ó béèrè.

"Òun ni, Ìyá Sherifat," Grace dáhùn. Ó nawọ́ sí igun yàrá, níbi tí adìẹ pupa kan ti ń ṣa àgbàdo jẹ, igi wẹ́wẹ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. "Àná ló dá adìẹ yẹn náà lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo fetí ara mi gbọ́ ọ. Kò tilẹ̀ ké."

Kúbúrá bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ òsì adìẹ náà wò: ìka ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní èékánná.