Ẹ̀bùn Ẹ̀yìn Òkúta

Oníṣọ́ọ̀bù ẹja ọ̀ṣọ́ ṣí ìdérí ike tí oníbàárà rẹ̀ kan gbé wá, ó sì yára fi ọwọ́ bo imú. Anẹ́mónì kan, ẹran òkun tó máa ń yawọ́ bí òdòdó, ló lẹ̀ mọ́ ìdí ike, tó ń bi oúnjẹ àná jáde. Ẹnu tó fi ń jẹun náà ló kúkú fi ń yàgbẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi wo irú ẹ̀yà tó jẹ́," ni oníbàárà rẹ̀ wí. "Wọ́n ní ọ̀wọ́n ni."

"Ọ̀wọ́n kẹ̀. Màdáàmù, èpò inú táǹkì lèyí." Ó yínmú. "Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ bí ikun. Á bo gbogbo òkúta, á sì máa ta ẹja pa. Ẹ ṣá má fi ọ̀bẹ kàn án, torí gbogbo ègé rẹ̀ ló ń di odindi."

"Mo ti gé e, sà. Mo ti pín in fáwọn ọ̀rẹ́ mi."

"Irú ẹ̀gbin yìí? Ta lẹ fún?"

"Ìyàwó yín wà lára wọn. Ó ní ẹ̀yìn òkúta inú táǹkì yín lòun rọra fi í sí, kẹ́ ẹ lè fúnra yín rí i lọ́jọ́ ìbí yín."

Ọkùnrin náà yíjú sí táǹkì ńlá tó fi ń yangàn. Lẹ́yìn òkúta, ọwọ́ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ikun ń jù síwá-sẹ́yìn, ìrù ẹja kan sì yọ láàárín wọn.