Ṣéènì Ẹnu Ọ̀nà Ilé Búrẹ́dì

Ìyá oníbúrẹ́dì ti jókòó sí ìlà iwájú kí wọ́n tó ṣí àwọn fèrèsé gbọ̀ngàn ilé aṣòfin tán. Aṣọ tó wọ̀ ti ń ṣá, ṣùgbọ́n ó lọ̀ ọ́ dáadáa. Látìgbà tí àwọn agbowó-orí ti fi ṣéènì ti ilé tó háyà pa, kò dáná sí ààrò mọ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ti ń ra búrẹ́dì níbòmíràn. Òun kọ́ ló jẹ gbèsè. Onílé ló jẹ ìjọba lówó-orí. Kò sì mọ onílé rí: lọ́yà kan ló máa ń wá gba owó ilé.

Lónìí, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìnáwó ìjọba nílé aṣòfin pe ọ̀gá àwọn agbowó-orí pé kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe ìyá oníbúrẹ́dì.

Ọ̀gá náà wọlé, fáìlì lábíyá. Rìsíìtì ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí kì í gba owó lọ́wọ́ èèyàn láìfún un ní rìsíìtì. Ó kí gbogbo ilé. Ìwọ̀nba èèyàn ló dáhùn.

"Ọ̀gá," ni alága fi bẹ̀rẹ̀, "owó epo tí ẹ dà sínú ọkọ̀ láti fi wá owó-orí kiri ju owó-orí tí ẹ rí gbà bọ̀ lọ. Àbí ṣe lẹ̀ ń mu epo yẹn ni?"

Àwọn oníròyìn bú sẹ́rìn-ín.

"Sà, ẹni tó jẹ wá jù kì í jẹ́ ká rí òun," Rìsíìtì dáhùn. "A lọ sílé rẹ̀ títí, wọ́n ní kò sí nílé. A kọ̀wé sí i, lọ́yà rẹ̀ ní ká pàdé ní kóòtù. Ìgbà tí gbogbo ọ̀nà dí la ti ọ̀kan nínú àwọn ilé rẹ̀ pa, bí òfin ṣe wí."

"Ẹ tì í pa mọ́ ìyá yìí lọ́wọ́!" Alága nawọ́ sí ìyá oníbúrẹ́dì. "Odindi ilé alájà mẹ́ta, ẹni tó ń po ìyẹ̀fun nísàlẹ̀ ẹ̀ lẹ rí mú. Kí lorúkọ onílé?"

"Òfin ò gbà mí láyè láti pe orúkọ ajẹgbèsè owó-orí ní gbangba, sà."

"Ẹ ẹ̀ gbọ́ nǹkan! Ó mọ̀ ọ́n, kò fẹ́ sọ ọ́!"

Òógùn ti bo iwájú orí Rìsíìtì. "Òfin yẹn náà ló ní mo lè sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí àwọn oníròyìn bọ́ síta díẹ̀, kí gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ lè gbọ́ ọ."

Obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ gbé orí sókè. "Alága, bóyá ká gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

"Rárá o," ni alága wí. "Nínú ìgbìmọ̀ tí mo bá ń darí, kò sí bòńkẹ́lẹ́. Gbangba là ń ṣe tiwa!"

Gbọ̀ngàn hó yèè. Ìyá oníbúrẹ́dì pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta á.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi fẹnu kò. Kí wọ́n já ṣéènì náà lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilé náà mọ́ títí ìgbìmọ̀ yóò fi parí ìwádìí, ọjọ́ tí yóò sì parí, wọn ò sọ. Kí ìjọba wá ọ̀gá mìíràn fún àwọn agbowó-orí. Rìsíìtì nawọ́ pé òun ní ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa gbohùngbohùn iwájú rẹ̀.

Ìyá oníbúrẹ́dì bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ bímọ?"

"Mo bímọ, mà."

"Wọ́n ti lé àwọn tèmi nílé ìwé látìgbà tẹ́ ẹ ti ti ibẹ̀ pa. Ẹ mọ ẹni tó jẹ yín, èmi lẹ wá lọ mú."

Rìsíìtì la ẹnu. Oníròyìn méjì ti na fóònù sí i lẹ́nu. Ó tún ẹnu náà pa dé, ó gbé fáìlì láti abíyá kan sí èkejì.

"Ẹ má bínú, mà," ló rí sọ.

"Mi ò bínú. Ẹ jẹ́ kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ yín."

Alága ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àwọn ayàwòrán yí i ká. Nígbà tó rí ìyá náà tó ń bọ̀, ó ní kí wọ́n la ọ̀nà fún un. Rìsíìtì ò lè lọ, kò sì lè sún mọ́ wọn. Ó dúró síbi tó wà, ó ń wò wọ́n.

Ìyá oníbúrẹ́dì kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọwọ́ alága mú, ó ń rọ̀jò àdúrà lé e lórí, láìmọ̀ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun fojú kan onílé òun.