Ìbéèrè Kan Péré Tí Láoyè Kò Béèrè

Ní ìlú Agbọ́ńdú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láoyè. Oògùn òyìnbó ló ń tà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ tónítóní, kì í sì í ta oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbéraga wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Lójú tirẹ̀, aláìmọ̀kan ló ń béèrè ọ̀rọ̀. Bí aláìsàn bá rán ènìyàn wá, kò ní bi í pé ta ló rán ọ, kò ní bi í pé kí ló ń ṣe é. Á kàn nawọ́ sórí pẹpẹ, á mú oògùn, á kọ bí wọn yóò ṣe lò ó sára páálí rẹ̀, ó parí. Àwọn ará ìlú ń pè é ní Dókítà, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn ju oyin lọ.

Láoyè ní àbúrò kan ṣoṣo, Foyèkẹ́, ọmọ ìyá rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ti dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Foyèkẹ́ bímọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta, dókítà pe ẹbí jókòó, ó ní, "Ilé-ọmọ yìí ti gba ọ̀bẹ tó. Bí oyún mìíràn bá tún dé, ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀." Láoyè wà níbẹ̀, ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ikọ́ ife kọlu Foyèkẹ́. Ojú tì í, nítorí àwọn ènìyàn wa a máa sá fún oníkọ́, kò sì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá. Ìlú kejì ló ti ń lọ gba oògùn. Ojú sì tún tì í láti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sọ pé òun fẹ́ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ìyá Àjọkẹ́, tí wọ́n jọ ń gbélé, ló rán, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má dárúkọ òun.

"Ẹ káàsán, Dókítà," ni Ìyá Àjọkẹ́ wí. "Ẹnìkan ló rán mi. Kóró tí obìnrin ń lò kó má baà lóyún ló fẹ́, èyí tí kò ní pa ọmọ tó ń mu ọmú lára. Ó ní kí n bi yín bóyá kò ní bá oògùn mìíràn tí òun ń lò..."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Láoyè ti ju páálí kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Mo ti ń ta èyí kí wọ́n tó gbé ọ níyàwó. Ọ̀kan lójúmọ́, ní àkókò kan náà. Máa lọ."

Obìnrin náà mú páálí náà, ó lọ. Nígbà tó délé, ó ní Dókítà kò sọ pé ó léwu. Ọkàn Foyèkẹ́ balẹ̀.

Foyèkẹ́ kò fi kóró náà ṣeré. Bí rédíò bá ti ní aago méje lù láàárọ̀, ó ti gbé e mì. Kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ohun tí kò mọ̀ ni pé oògùn ikọ́ ife tó ń lò ń jẹ agbára kóró yẹn run nínú ara rẹ̀. Nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá, kò bẹ̀rù, torí wọ́n ní kóró náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Oyún ti wọlé, ó sì ti fìdí mọ́ ojú àpá ọ̀bẹ.

Oṣù karùn-ún kò tíì pé tí inú rírun fi gbá a mú níwájú ààrò. Kí ọkọ̀ tó dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ ti dà sí i nínú. Foyèkẹ́ kú.

Láoyè sáré débẹ̀. Ó bá nọ́ọ̀sì àgbà tó ń tú àpò oògùn tí ọkọ olóògbé gbé wá. "Ta ló fún un ní èyí mọ́ oògùn ikọ́ ife?" ni nọ́ọ̀sì béèrè, páálí kóró náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìbéèrè kan péré ni: oògùn wo lò ń lò? À bá ti wá ọ̀nà mìíràn fún un."

Láoyè wo páálí náà. Ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀ ló rí níbẹ̀: Ọ̀kan lójúmọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Lónìí, kò sẹ́ni tó lè rán ènìyàn lọ ra oògùn lọ́dọ̀ Láoyè. Ó gbọ́dọ̀ fojú rí ọ, á sì bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ títí yóò fi sú ọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni àwọn ọmọ Foyèkẹ́ ń gbé. Àbíkẹ́yìn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ̀rọ̀ sọ, a máa bi í láràárọ̀ pé, "Bàbá, ìgbà wo ni màámi ń bọ̀?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, kóró náà kò lẹ́bi, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń lò ó tí ara wọn le. Ẹni tó bá fẹ́ lo oògùn, kó má fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ fún un. Ẹni tó sì ń fúnni lóògùn, kó rí onítọ̀hún, kó bi í, kó dúró gbọ́ èsì. Abéèrè kì í ṣìnà, a kì í sì í fá orí lẹ́yìn olórí.