Ọtí Atalẹ̀ Bàbá Anna

Opó Bàbá Anna ń da jíìnì sínú ìgò, lé atalẹ̀ àti kànáfùrù lórí. Kò lè jókòó. Ó ti lọ sójú fèrèsé lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti wo yìnyín tó bo àwọn ọkọ̀ níwájú ilé wọn ní ìlú Laurel lókè òkun, ní Kérésìmesì ọdún 1997.

Òun fúnra rẹ̀ kì í fẹnu kan ọtí. Nítorí ìgò yìí ló ṣe bá ọkọ rẹ̀ jà nígbà òtútù tó kọjá, tí kò bá a sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́ títí tó fi kú lóṣù kẹwàá. Ṣùgbọ́n ọdọọdún lọkọ rẹ̀ máa ń ṣe é fún Felix, ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Felix wọlé, ó gbọn yìnyín lára, ó gba ìgò náà, ó tọ́ ọ wò, ló bá tu ú dànù sínú síǹkì.

"Ìyàwó wa, ta ló da ọtí sí i?"

"Bọ̀dá Felix, ṣebí bí Bàbá Anna ṣe ń ṣe é nìyẹn?"

"Rárá o. A ti jọ jáwọ́ nínú ọtí láti ọdún tó kọjá. Omi atalẹ̀ lásán ló wà nínú ìgò tó ṣe nígbà òtútù tó kọjá."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

Felix gbé ìgò náà kalẹ̀.

"Ó ní kó pé ọdún kan ná kóun tó sọ fún ọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó pé nígbà tó kú."